Ẹ Má Tíì Sanwó: Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Páìpù Tó Fara Pamọ́ Nínú Ilé Tí A Fẹ́ Rà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ wo ilé tí wọ́n fẹ́ rà ló máa ń ṣe ohun kan náà tó bá kan ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n á ṣí ẹ̀rọ kan ní ilé ìdáná, wọ́n á rí i pé omi yọ, wọ́n á tì í, ó parí. Wọ́n á wá fi gbogbo àkókò tó kù wo fèrèsé, ilẹ̀kùn àti bí yàrá ṣe fẹ̀ tó. Ìgbà tí wọ́n bá kó wọlé tán, tí gbogbo ilé jùmọ̀ ń wẹ̀, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń fọ abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni omi ìdọ̀tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ru jáde láti ilẹ̀ bálùwẹ̀. Owó sì ti kúrò lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ tó yọ omi kò sọ ju pé omi wà nínú páìpù lọ. Kò sọ bí páìpù náà ṣe rí nínú ògiri, kò sì sọ ibi tí omi tó wọ ihò síǹkì ń gbà lọ àti bóyá ó ń débẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Àkókò ló ń tú àléébù páìpù fó, ojú lásán kò tó o. Nítorí náà, ẹ gba wákàtí mẹ́ta ó kéré tán nínú ilé náà, kí ẹ sì tẹ̀ lé àwọn ìpele yìí bí mo ṣe tò wọ́n. Tí ẹ bá fi Ìpele 6 ṣáájú Ìpele 2, ẹ ti ba àyẹ̀wò Ìpele 2 jẹ́ nìyẹn.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tíṣù gbígbẹ, òòfà kékeré, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gba lítà 10, ife gíláàsì tó mọ́ gaara, téèpù tó ń lẹ̀, bírò àti ìwé, àti àwọ̀ tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ láró. Tí ẹ bá lè rí gééjì tí wọ́n fi ń wọn agbára omi, èyí tó ṣeé dè mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó wà níta, ẹ rà á tàbí kí ẹ yá a. Tí ilé náà bá ti pẹ́, ẹ gba ìgò lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò omi kí ẹ tó lọ.

Ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹnì kan á máa da omi lókè, ẹnì kejì á máa wo ibi tó ń gbà jáde nísàlẹ̀.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ pe ẹni tó ń ta ilé tàbí alágbàtà rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé kí omi wà nínú ilé, kí hítà omi wà ní títàn, kí ẹnikẹ́ni má sì lo omi láti alẹ́ títí ẹ ó fi dé.

Ìkìlọ̀: Tí wọ́n bá ní àwọn ti gé omi ilé náà, àmọ́ kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Páìpù tí kò sí omi nínú rẹ̀ kò lè jò. Ẹ ní kí wọ́n dá omi padà, kí ẹ tó padà wá.

Ìpele 1: Omi àkọ́kọ́

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí ẹ̀rọ ilé ìdáná. Ẹ kọ́kọ́ bu omi àkọ́kọ́ tó yọ sínú ìgò ilé àyẹ̀wò, torí omi tó sùn nínú páìpù mọ́jú ló máa ń gbé ìdọ̀tí páìpù náà dání. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bu omi sínú ife, kí ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀.

Tí omi náà bá pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, tó sì mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìpẹtà ló wà nínú páìpù ilé náà gan-an. Tí kò bá mọ́ rárá, ó ṣeé ṣe kí wàhálà wà níbi tí omi ti ń bọ̀. Tí ó bá funfun bí omi ọṣẹ, ẹ gbé ife náà kalẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Bí ó bá ń mọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, afẹ́fẹ́ lásán ni, kò léwu. Àbàwọ́n aláwọ̀ ewé tó fara jọ búlúù nínú síǹkì fi hàn pé omi ń jẹ páìpù bàbà.

Ẹ ti ẹ̀rọ náà. Ẹ má ṣí òmíràn.

Ìpele 2: Ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́

Tí gbogbo àkókò tí ẹ ní bá jẹ́ wákàtí kan, ìpele yìí ni kí ẹ fi ṣe.

Ẹ rí i dájú pé gbogbo ẹ̀rọ wà ní títì, pé ẹ̀rọ ìfọṣọ kò ṣiṣẹ́, pé kò sí ẹni tó ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí ìdérí táńkì ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kán àwọ̀ oúnjẹ sínú omi rẹ̀, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sídìí mítà omi, ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà rẹ̀ títí dé èyí tó kéré jù. Ọ̀pọ̀ mítà ní ohun kékeré kan lójú, onígun mẹ́ta tàbí bí ìràwọ̀, tó máa ń yí tí omi bá ń kọjá, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ sì máa bá Ìpele 3 àti 4 lọ.

Ilé tí kò ní mítà, tó ń lo táńkì, ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ pa páǹpù tàbí kí ẹ ti ọ̀nà tí omi ń gbà wọ táńkì, ẹ ti igi gbígbẹ bọ inú rẹ̀ títí tó fi kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sàmì síbi tí omi dé lára igi. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún un ṣe. Ẹ mọ̀ pé táńkì ńlá lè jo lítà bíi mélòó kan kí ìlà tó yẹ̀ díẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá gbà yín láyè láti fi í sílẹ̀ mọ́jú, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wákàtí bá pé, ẹ kọ́kọ́ wo àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tí àwọ̀ bá ti wọ inú àwo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́, rọ́bà tó ń dí ìsàlẹ̀ táńkì náà kò dí i mọ́. Àtúnṣe kékeré ni, àmọ́ òun ló sábà máa ń yí mítà. Bí mítà bá yí, ẹ ti kọ́ọ̀kì kékeré tó wà lẹ́yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún dúró. Tó bá ṣì ń yí, ẹ ti kọ́ọ̀kì tó ń dá omi gbogbo ilé dúró. Tí mítà bá dúró lẹ́yìn ìyẹn, inú ilé ló ti ń jò. Tí kò bá dúró, abẹ́ ilẹ̀ láàárín mítà àti ilé ni, ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣi í ṣe: Kọ́ọ̀kì àgbà tí kò tì dáadáa mọ́ máa ń tan ni jẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá tì í, ẹ ṣí ẹ̀rọ kan nínú ilé. Tí omi bá ṣì ń yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́ọ̀kì náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ọjọ́ tí páìpù bá bẹ́, òun lẹ máa sáré lọ tì.

Ó yege tí: nọ́ńbà mítà kò bá yẹ̀, tí ìlà ara igi wà níbi tó wà, tí omi inú àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì sì mọ́.

Ìpele 3: Ọwọ́ àti imú, nígbà tí ẹ ń dúró

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná. Ẹ kó gbogbo ọṣẹ àti ike tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò, torí wọ́n sábà máa ń kó o síbẹ̀ bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ilẹ̀ pákó rẹ̀, kì í ṣe láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́ ni, kí ìmọ́lẹ̀ lè sá gba ojú pákó kọjá. Ibi tí omi bá ti wọ̀ rí á wú sókè, etí pákó á ti là bí ìwé tó rin tó gbẹ, tí ẹ bá sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á rì. Ẹ wá wo páìpù. Ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó gan mọ́ ibi tí páìpù méjì ti pàdé jẹ́ àmì pé omi ti ń kán níbẹ̀ tipẹ́, tó ń gbẹ, tó ń fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ yí gbogbo oríkèé páìpù náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tíṣù á fi omi tí ọwọ́ kò mọ̀ hàn yín.

Ẹ lọ sí yàrá tó wà lábẹ́ bálùwẹ̀ òkè. Ẹ wo àjà. Omi tó jò, tó gbẹ, tó tún jò máa ń fi òrùka sílẹ̀, ọ̀kan yí òmíràn ká, tí etí wọn dúdú ju àárín lọ. Ó ṣòro fún ọ̀dà láti bo òrùka yìí pátápátá. Ohun tó ń fu mí lára ju òrùka lọ ni àjà tó ti gbó níbi gbogbo àfi ojú kan ṣoṣo tó mọ́, tó ń dán. Kò sí ẹni tó ń kun ojú kan lára àjà lọ́dà lásán. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìwé owó tí wọ́n san fún púlọ́mbà. Tí ìwé kò bá sí, ẹ kà á sí pé ó ṣì ń jò títí dìgbà tí Ìpele 6 àti 7 bá sọ ohun mìíràn.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri tó wà lódì kejì ṣáwà, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ilẹ̀. Ògiri tó rin máa ń tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀dà tó wú bí ìléròrò, pákó ìsàlẹ̀ ògiri tó ti ń yà kúrò lára ògiri, táìlì tó ń ró gbọ́ngbọ́n tí ẹ bá kàn án, gbogbo wọn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ rìn lórí ilẹ̀. Ojú kan tó lọ́wọ́ọ́wọ́ láìsí oòrùn tó ń kan án lè jẹ́ páìpù omi gbígbóná tó ń jò lábẹ́ sìmẹ́ńtì, ọ̀kan lára àwọn àtúnṣe tó ń gbówó jù.

Ẹ gbà pé imú yín kò parọ́. Òórùn ìgbọ̀nsẹ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹni tó lò ó lè jẹ́ pé omi ti gbẹ nínú ibi tí páìpù ti tẹ̀ bíi lẹ́tà U lábẹ́ síǹkì, torí omi inú ẹ̀ ló ń dí òórùn. Ẹ sàmì sí i. Lẹ́yìn Ìpele 6, tí omi bá ti kún ibẹ̀, tó ṣì ń rùn, páìpù kan ti là níbì kan.

Ìpele 4: Irú páìpù wo ni?

Ẹ wá páìpù tó yọ síta: lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, lẹ́yìn hítà, lábẹ́ síǹkì. Ẹ gbé òòfà sí i. Tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Páìpù irin tí wọ́n fi èròjà zinc bò máa ń dógùn-ún láti inú wá, ìpẹtà á sì máa nípọn títí ihò tí omi ń gbà á fi kéré bí pẹ́ńsùlù. Ọdún 40 sí 50 ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ó ń lò. Tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ ka owó páìpù tuntun fún gbogbo ilé mọ́ owó ilé náà.

Tí òòfà kò bá lẹ̀, tí páìpù sì pọ́n tàbí tó ti ṣú díẹ̀, bàbà ni, ó dára. Tó bá jẹ́ aláwọ̀ eérú, tó rọ̀, tí ẹ bá sì fi ọ̀bẹ ha ojú rẹ̀ díẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà, òjé ni. Kò sí ìwọ̀n òjé tí a mọ̀ pé kò lè pa ọmọdé lára. Ẹ dúró de èsì ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ní Amẹ́ríkà, ẹ tún ṣọ́ra fún páìpù ike aláwọ̀ eérú tí wọ́n tẹ PB2110 sí lára. Láàárín 1978 sí 1995 ni wọ́n lò ó nínú ilé púpọ̀, ó sì di ohun tó ń là láìròtẹ́lẹ̀.

Ìkìlọ̀: Páìpù tuntun tí ẹ rí lábẹ́ síǹkì kò fi hàn pé páìpù inú ògiri náà tuntun. Ibi tí ojú ń rí ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀. Ẹ wá ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́. Tí wọ́n bá so bàbà mọ́ irin ní tààrà láìfi ohun tó yẹ sáàárín, irin náà ń jẹra níbẹ̀.

Ìpele 5: Agbára omi

Ẹ de gééjì mọ́ ẹ̀rọ ìta. Nínú ilé tó ń gba omi láti ojú títì, 40 sí 80 psi (òṣùwọ̀n agbára omi tó wà lójú gééjì) ló dára. Tó bá ju 80 lọ, ẹ má yọ̀ pé omi lágbára, agbára yẹn ló ń já oríkèé páìpù àti rọ́bà tó ń gbé omi wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nínú ilé tó ń lo táńkì orí òpó, gééjì á kéré gan-an, torí mítà kan tí táńkì fi ga sókè kì í fúnni ju nǹkan bíi 1.4 psi lọ. Ìyẹn kì í ṣe àléébù.

Ẹ wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀rọ bálùwẹ̀, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí yóò fi kún. Ìṣẹ́jú kan dára. Tó bá ju méjì lọ, ẹ yọ àsẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, torí ó lè jẹ́ òun ló dí. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì yín ṣí ẹ̀rọ mìíràn, kó tún fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Omi tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dá nígbà yẹn ń gba ihò tóóró. Tí omi tútù bá lágbára tí gbígbóná kò lágbára, hítà tàbí páìpù rẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Ìpele 6: Omi tó ń lọ

Ọ̀dọ̀ omi tó ń bọ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Omi tó ń lọ ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Páìpù rẹ̀ tóbi ju ti omi mímu lọ, abẹ́ ilẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà, nítorí náà àtúnṣe rẹ̀ ń fọ́ ilẹ̀.

1. Ẹ dí ihò gbogbo síǹkì àti ibi ìwẹ̀, kí ẹ pọn omi kún wọn. Tí kò bá sí ohun ìdí, ẹ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ rán ẹnì kejì yín lọ síbi ihò omi tó lọ sílẹ̀ jù nínú ilé, bóyá ihò ilẹ̀ bálùwẹ̀ ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi tó sé á kọ́kọ́ ti yọ.
3. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ẹ fọ gbogbo tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tíṣù bí ẹ̀kúnwọ́ sí i.
4. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá ń ró gbúlúgbúlú nígbà tí omi síǹkì ń lọ, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà gbà. Páìpù tó yọ sókè òrùlé ti dí, tàbí kò tilẹ̀ sí, tàbí páìpù àgbà, èyí tó ń kó omi ìdọ̀tí gbogbo ilé jáde, ti ń dí.
5. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.

Títún un ṣe yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Páìpù àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú á gba omi àkọ́kọ́ dáadáa. Páìpù tó dí síwájú á tún ní àyè láti gbé omi ẹ̀ẹ̀kan pamọ́ kó tó kún. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló máa ń fi í hàn.

Síǹkì kan ṣoṣo tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, ti ara rẹ̀ nìkan ni, kékeré sì ni. Tí méjì tàbí mẹ́ta bá jọ ń lọ díẹ̀díẹ̀, páìpù tó so wọ́n pọ̀ ni. Tí ẹ bá rí páìpù omi ìdọ̀tí níta, ẹ fi fóònù wọn bó ṣe dagun, torí ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 lórí mítà kan.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rọra mì ín. Èyí tó bá ń mì ti ba ohun tó dí ìdí rẹ̀ jẹ́ tàbí ó fẹ́ bà á jẹ́, omi ìgbọ̀nsẹ̀ sì lè ti máa wọ ilẹ̀ lábẹ́ táìlì.

Ó yege tí: gbogbo rẹ̀ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìró, láìyọ níbì kankan, tí àjà ìsàlẹ̀ àti inú kọ́bọ́ọ̀dù sì gbẹ tí ẹ bá tún fi tíṣù kàn wọ́n.

Ìpele 7: Ilẹ̀ ṣáwà

Ẹ dí ihò ilẹ̀ ṣáwà, ẹ pọn omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí i, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ibi tó dé. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ẹnu ìloro ṣáwà lọ. Wákàtí kan ló kéré jù, ọjọ́ kan gbáko ló dára jù. Omi tó bá lọ sílẹ̀ kúrò ní téèpù ti gba abẹ́ táìlì lọ, àfi tó bá jẹ́ pé ohun ìdí yẹn kò dí dáadáa. Ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan ilẹ̀.

Ìpele 8: Hítà omi

Ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Hítà onítáńkì sábà máa ń lo ọdún 8 sí 12. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ìpẹtà àti omi. Ó gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó ń tú agbára sílẹ̀ tí ooru bá pọ̀ jù, pẹ̀lú páìpù tó kọjú sísàlẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti dí ẹnu páìpù yẹn torí pé ó ń kán, ẹ ní kí wọ́n pa hítà náà kíákíá. Ó lè bú gbàù.

Ìpele 9: Níta

Tí ilé bá ń lo sókàwéè, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n kó o gbẹ̀yìn. Ọdún 3 sí 5 ló wọ́pọ̀. Koríko tó tutù yọ̀yọ̀ lórí ojú kan ṣoṣo nígbà tí èyí tó kù ti gbẹ, ilẹ̀ tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, òórùn: gbogbo rẹ̀ ń sọ pé ilẹ̀ kò gba omi mọ́. Tí kànga bá wà, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí sókàwéè tó, kí ẹ fi wéra pẹ̀lú òfin ìkọ́lé ibẹ̀.

Ìkìlọ̀: Ẹ má gbé orí sínú kòtò yẹn, ẹ má sì wọ inú rẹ̀. Gáàsì inú rẹ̀ ń pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó ń kó o ni kí ẹ ní kó ṣí i.

Tí ilé bá ti lé ní ogún ọdún, tí igi ńlá bá wà láàárín ilé àti ojú títì, tàbí tí Ìpele 6 bá ti fura sí páìpù àgbà, ẹ san owó kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ inú rẹ̀. Gbòǹgbò igi máa ń gba oríkèé páìpù amọ̀ wọlé. Ẹ gba fídíò náà sọ́wọ́, kí ẹ sì wo ibi tí omi ti dúró sójú kan láìlọ, torí páìpù ti rì níbẹ̀.

Ìpele 10: Ohun tí ẹ máa fi àkọsílẹ̀ yín ṣe

Rọ́bà tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń kán, síǹkì kan tó dí: ẹ má tìtorí wọn fi ilé sílẹ̀. Òjé, páìpù irin àtijọ́ jákèjádò ilé, ìjò lábẹ́ sìmẹ́ńtì àti páìpù àgbà tó rì ló ń yí iye ilé padà. Fún àwọn yẹn, ẹ ní kí púlọ́mbà méjì tí ẹ fúnra yín yàn kọ iye tí yóò náni sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà síwájú ẹni tó ń tà.

Lójú tèmi, ó sàn kí wọ́n dín owó ilé kù ju kí wọ́n ṣe àtúnṣe náà fún yín lọ, torí ẹni tó ń kó kúrò kò ní wá èyí tó máa pẹ́. Tí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ni yóò ṣe é, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọn kò gbọ́dọ̀ dí ògiri tàbí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ títí ẹ ó fi wá wo páìpù náà pẹ̀lú omi nínú rẹ̀, àti pé ẹ ó tún Ìpele 2 àti 6 ṣe kí owó tó kù tó jáde.